Etí Adésọjí àti Irin Ọkọ̀ Ojú Omi

Ní àdúgbò wa ní Ìlárè, bí irin ẹ́ńjìnnì bá ń yọ ènìyàn lẹ́nu, ọ̀dọ̀ ẹni méjì ló lè gbé e lọ. Bí ó bá ń kánjú, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ Adésọjí, tí ó ń ta ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀ níwájú ilé bàbá rẹ̀. Adésọjí yóò fi òòlù kékeré gbá irin náà, yóò da etí ọ̀tún lé e bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn, yóò di ojú, yóò sì ní, "Ó le koko. Máa gbé e lọ." Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí onítọ̀hún bá ní sùúrù, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ Mùnírátù, ẹni tí yóò dí gbogbo ihò ara irin náà, tí yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú, tí yóò sì rì í sínú omi. Ìyẹn lè gba ìdajì ọjọ́. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí èrò máa pọ̀ sí.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bọ́látitó ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ògiri kan ló wà láàárín ilé mi àti ṣọ́ọ̀bù Mùnírátù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló háyà yàrá ẹ̀yìn, èmi ni mo ni iwájú, ibẹ̀ ni mo sì máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí mò ń wo ohun tí kò kàn mí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ àpò ìrẹsì méjì tó wúwo. Bí mo ṣe wo ìrìn rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Dúrósinmí ni, ọmọ Ìlódè, tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Bí ó ṣe rí mi, ó fi àpò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ mà."

"Dìde, ọmọ mi. Kí lo dì sínú àpò? Òkú ẹran ni?"

"Irin ni mà. Irin tó fẹ́ pa mí ni."

Ó ti pẹ́ tí Dúrósinmí ti kó lọ sí Igbókòdá, níbi tó ti ní ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò láti abúlé dé abúlé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Inú ọkọ̀ gan-an ló wà, bíi ti lọ́rì. Ohun tó wà nínú àpò náà ni wọ́n ń pè ní mánífóòdù, irin tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde.

Mùnírátù jáde sí wa, ó ti gbé gíláàsì iṣẹ́ sókè sórí híjáàbù rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tú àpò àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ ti irin náà bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ ní ìdálẹ̀.

"Subhanallah! Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti rí irú èyí gbẹ̀yìn."

Mo mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ ní Èkó rí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọdún mẹ́jọ ló fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní etí ọ̀sà, kí àìsàn ìyá rẹ̀ tó gbé e padà wálé. Ní Ifẹ̀ wa níbí, irin lọ́rì àti ti jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń rí. Ó ń fi àtàńpàkò tọ ẹnu ihò irin náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tíṣà, ẹ wò ó," ó ní. "Ti mọ́tò kò le, ògiri kan ni. Ti ọkọ̀ ojú omi, ògiri méjì ni. Èéfín gbígbóná ń kọjá nínú lọ́hùn-ún. Omi sì ń ṣàn yí i ká láàárín ògiri méjèèjì, kí irin má baà pọ́n bí ẹyin iná. Bí ògiri inú bá sán pẹ́nrẹ́n, omi á bọ́ sí ọ̀nà èéfín, á sì ṣàn padà wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ lè yí ìta rẹ̀ po títí, ẹ ò ní rí nǹkan kan." Ó yíjú sí Dúrósinmí. "Ta ló bá yín yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ọ̀gá Adésọjí ni, Àǹtí. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rà wọ́n. Ó gbọ́ wọn, ó ní wọ́n le koko."

Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá tí ó gbé irin náà sínú ọkọ̀, ó kó èèyàn mọ́kàndínlógún bọ̀ láti ọjà. Ní àárín omi, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, èéfín funfun tú jáde, ó sì kú. Wákàtí mẹ́ta ni omi fi ń gbé wọn kiri. Aláboyún kan di ẹ̀wù Dúrósinmí mú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tí àwọn apẹja fi wá fà wọ́n. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, omi ló kún inú rẹ̀.

"Mẹkáníìkì wa ní mánífóòdù ni. Èmi ní kò lè jẹ́ òun, torí Ọ̀gá Adésọjí ti gbọ́ ọ. Ìyàwó mi ló fárígá. Ó ní ọkọ̀ yẹn kò ní kan omi mọ́ àfi kí ẹlòmíràn yẹ irin náà wò."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Adésọjí fi yọ. Ilé mẹ́rin péré ló wà láàárín òun àti wa, ó sì dájú pé ó ti rí àpò náà. Ó tẹ fìlà rẹ̀ sí apá òsì, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí etí ọ̀tún. Òòlù kékeré wà nínú àpò bùbá rẹ̀.

"Dúrósinmí! O dé Ìlárè, o ò yà sọ́dọ̀ mi?"

"Ẹ má bínú sà. Mo ní kí n—"

Adésọjí kò dúró gbọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá irin kìíní, kàn-án! Ó gbá ìkejì, kàn-án! Ó di ojú, ó mi orí.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni! Mùnírátù, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn láti máa wẹ irin bí ìkókó, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti wẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé mi."

Àwọn fọkanáísà méjì tó wà ní òdìkejì títì rẹ́rìn-ín. Adésọjí náà rẹ́rìn-ín, ó sì yan padà sí ilé rẹ̀. Dúrósinmí bẹ̀rẹ̀ sí í di àpò rẹ̀ padà, ó ń sọ fún Mùnírátù pé kó má bínú, pé bóyá mẹkáníìkì Igbókòdá ni kò mọ iṣẹ́. Mùnírátù kò jiyàn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í bá ènìyàn fa ọ̀rọ̀. Èmi ni inú bí.

"Dúrósinmí," mo fi ohùn kíláàsì pè é, "fi àpò yẹn sílẹ̀. Wọlé lọ jẹun. Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò."

"Tíṣà, mo ti jẹ—"

"Mo ní wọlé."

Ó wọlé. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, ó wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni tí mo mú ẹgba lọ́wọ́ dè.

Mo sún mọ́ Mùnírátù. "Etí Adésọjí kì í gbọ́ irin. Orúkọ ẹni tó ta irin ni etí náà ń gbọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ mà?"

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń wo ojú ọmọ tó ń dáhùn ohun tí kò mọ̀. Ojú tó dì yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bá mi wá ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì."

Bí mo ṣe là á yé e, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Tíṣà, èmi ò lè purọ́ o."

"Ta ló ní kó o purọ́? Dákẹ́ ni mo ní kó o dákẹ́. Ìyẹn kò sì ṣòro fún ẹ."

Àwọ̀ búlúù ni Adésọjí fi kun irin méjèèjì kó tó tà wọ́n. A fi ọ́ìlì dúdú pa wọ́n, a sì yí wọn nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́ ilé mi, títí búlúù fi pòórá pátápátá. Wọ́n wá rí bí ohun tí wọ́n hú nínú oko. Mo ṣì ní páálí ṣọ́ọ̀kì kan tó kù láti ilé ẹ̀kọ́. Mo kọ ení sára ọ̀kan, mo kọ èjì sára ìkejì. Dúrósinmí jáde, ó ń nu ẹnu, ó wo irin rẹ̀, ojú rẹ̀ là gbòò. Mo gbé ìka sí ètè, ó sì pa ẹnu dé.

Mo ránṣẹ́ pe Adésọjí. Àwọn fọkanáísà náà sọdá wá láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n.

"Ọ̀gá Adésọjí," mo wí, "mo fẹ́ bi yín léèrè. Ká ní ẹnì kan ra irú irin méjì yìí lọ́dọ̀ Ọdẹ́wálé ní Ìlódè, tó sì gbé wọn wá bá yín, kí lẹ máa sọ fún un?"

Ọdẹ́wálé náà ń ta ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì. Òun àti Adésọjí kì í kí ara wọn dénú. Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ ni Adésọjí ti yínmú.

"Ọdẹ́wálé!" ó ní. Ó gbá nọ́ńbà kìíní, kàn-án. Ó di ojú. Ó tún un gbá. "Háà. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń ha? Ó ti sán ní apá ọ̀tún." Ó gbá nọ́ńbà kejì, ó sì fa etí sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. "Èyí ti kú pátápátá. Kódà ó ti ń jẹrà. Kí onítọ̀hún lọ jù ú sí ààtàn, kó má sì tún dé ọ̀dọ̀ oníjìbìtì yẹn mọ́ láé."

"Ó dá yín lójú?"

"Tíṣà! Etí yìí kì í tàn mí."

Mo gbé korobá omi ọṣẹ tó wà lẹ́yìn mi, mo dà á lé irin kìíní lórí, Mùnírátù sì fi àkísà nù ún láìsọ nǹkan kan. Búlúù yọ. Mo da ìyókù sórí ìkejì. Búlúù yọ.

Ọ̀kan nínú àwọn fọkanáísà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú Adésọjí ń lọ láti ara irin sí ara mi.

"Ẹ tàn mí jẹ, Tíṣà."

"Mi ò tàn yín jẹ o. Ìbéèrè ni mo bi yín."

Ó bínú gan-an. Ó yọ òòlù náà, ó jù ú sílẹ̀. "Ó dáa! Ẹ rì í sínú omi. Ẹ rì í níṣojú gbogbo ayé. Bí kò bá jò, ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa kúnlẹ̀ bẹ̀ mí níbí."

"A gbọ́ sà," ni Mùnírátù wí, ó sì wọlé lọ kó irinṣẹ́.

Ó gé rọ́bà túùbù, ó fi lé ẹnu gbogbo ihò tí omi ń gbà wọ ara irin náà, ó gbé pátákó irin lé e, ó sì fi bóòtù dè é pinpin. Ẹnu tí èéfín ń gbà nìkan ni kò dí. Ara ọ̀kan nínú àwọn pátákó náà ni ó ti jó ẹnu páńpù mọ́, àti géèjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ọwọ́ géèjì fi dé ogún, ó ti páńpù pa, ó sì rọra gbé irin kìíní sínú ìdajì dúrọ́ọ̀mù omi. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bí irin bá jò, afẹ́fẹ́ á máa yọ róbótó róbótó lábẹ́ omi.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Omi dúró bí dígí. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Ó gbé ìkejì sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó di mẹ́wàá. Géèjì kò kúrò lórí ogún. Kò sí ohun tó yọ àfi eṣinṣin kan tó já sómi.

Adésọjí gbé fìlà rẹ̀ tọ́. "Ẹ kúnlẹ̀."

Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló bá mi. Orúnkún mi kò dára láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì ti ń wo ibi tí iyanrìn ti rọ̀ díẹ̀. Dúrósinmí ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùnírátù kò tiẹ̀ gbọ́ Adésọjí. Ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ó ń ronú.

"Ọ̀gbẹ́ni Dúrósinmí," ó ní, "ìgbà wo ni ẹ́ńjìnnì kú? Ṣé bí ẹ ṣe gbéra ni?"

"Rárá o. A ti rìn tó ogójì ìṣẹ́jú."

"Ó ti gbóná, àbí?"

"Ó ti gbóná dáadáa."

Mùnírátù nà ró. "Omi tútù lèyí. Irin yìí kì í tutù nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí irin bá gbóná, ó máa ń fẹ̀, ojú ibi tó sán á sì là. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, igi ìdáná."

"Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́!" ni Adésọjí wí. "Ẹ máa se é jẹ ni?" Síbẹ̀ kò lọ. Òun gan-an ló sún igi wọlé nígbà tí iná fẹ́ kú.

Ó tó wákàtí kan kí omi dúrọ́ọ̀mù tó gbóná débi tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé mi jáde wá, wọ́n ń fi fóònù ya wá. Mùnírátù fi okùn wáyà sọ irin kìíní kalẹ̀ sínú omi náà. Ó jẹ́ kí ó gbóná títí kan inú, ó tú afẹ́fẹ́ tó ti wú dànù títí ọwọ́ géèjì fi padà sí ogún, ó sì dúró. Kò yẹ̀. Ó gbé e jáde, ó fi wáyà so nọ́ńbà kejì.

Géèjì dúró ní ogún. Ó dúró. Mo ní kí n yíjú, ni mo rí i tó sún. Méjìdínlógún. Mẹ́rìndínlógún.

"Ẹ wo ẹnu èéfín," ni Mùnírátù sọ wẹ́lẹ́.

Láti inú ihò ńlá tí èéfín ń gbà, lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò lè dé, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan, òmíràn, lẹ́yìn náà ó tú bí ilẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Lára irin níta, kò sí nǹkan kan. Inú pátápátá ló ti ń wá, bó ṣe wí.

Gbogbo wa hó yèè. Ohùn kan sì ga ju tiwa lọ.

"Ṣé mi ò wí?" Adésọjí ń nàka sí dúrọ́ọ̀mù. "Ṣé mi ò ní nọ́ńbà kejì ti kú pátápátá? Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ! Tíṣà, ṣé mi ò wí bẹ́ẹ̀?"

Òótọ́ ni pé ó wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín pa wá débi pé mo di ògiri mú. Mùnírátù tí kì í rẹ́rìn-ín sókè gan-an fi híjáàbù bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Adésọjí náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu itan rẹ̀.

Dúrósinmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti omi gbígbóná náà, ó ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yọ.

"Aláboyún yẹn ń bi mí ṣáá pé ṣé a máa délé," ó ní. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. "Èmi ní a máa délé. Mo ní irin ọkọ̀ yìí, ẹni tó mọ irin ló yẹ̀ ẹ́ wò fún mi. Ọ̀gá, mo fi orúkọ yín búra fún un."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Adésọjí. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́. Ó wo irin náà, ó wo Dúrósinmí, ó yí padà, ó lọ. A rò pé ó ti bínú lọ ni. Kò pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú ọmọlanke kan tó ń tì fúnra rẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀. Mánífóòdù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn búlúù.

"Mùnírátù," ó ní, "bá mi rì wọ́n. Èyí tí kò bá jò ni kó máa gbé lọ."

Kò gbá ọ̀kankan nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ nílò omi gbígbóná. Bí ó ṣe kan omi tútù tí a pọn sínú dúrọ́ọ̀mù mìíràn ló ti ń hó bí ọṣẹ, Adésọjí sì fi fìlà bojú. Ìkejì dúró nínú tútù, ó já wa kulẹ̀ nínú gbígbóná. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìkẹta tó wọ dúrọ́ọ̀mù. Wákàtí kan gbáko ni Mùnírátù fi sílẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ géèjì kò mira. Adésọjí bẹ̀rẹ̀ tì í ní gbogbo wákàtí náà, ó ń béèrè ìdí èyí àti ìdí tọ̀hún, Mùnírátù sì ń dá a lóhùn, "Bẹ́ẹ̀ ni sà," "Rárá sà," bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Mùnírátù wá jókòó tì mí. "Tíṣà, nígbà tí omi tútù kò fi nǹkan kan hàn, kí lẹ rò?"

"Mo rò pé wọ́n máa ní láti gbé mi dìde."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní inú òun kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí ohun tí a ṣe fún Adésọjí. Mo ní inú tèmi dùn sí i gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní tún un ṣe. Ó wò mí. Kò gbà mí gbọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, òun àti Dúrósinmí jọ gbé irin méjì tí kò jò, nọ́ńbà kìíní àti ìkẹta ti Adésọjí, lọ sí Igbókòdá, torí ó ní ọwọ́ òun ni yóò dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní ọjọ́ kan ni òun máa lò. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Ó padà dé ní Ọjọ́bọ̀, ojú rẹ̀ ti dúdú nínú oòrùn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan, ó sì ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ṣì ń mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́. Ó kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po. Nígbà tó yá ó jẹ́wọ́ pé ọjọ́ kìíní ni iṣẹ́ ti tán, pé ọkọ̀ náà ni òun ń wà fún ọjọ́ mẹ́ta tó kù, tí Dúrósinmí jókòó sẹ́yìn bí èrò, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́.

A pín ẹja náà sí mẹ́ta. Èmi ni mo gbé ti Adésọjí lọ fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó, ó sì jẹ èyí tó tóbi jù tán kí n tó kúrò níbẹ̀.